Ẹja Tí A Yá Padà Nínú Kànga Pápá Àjàó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fọwọ́ lẹ́rán, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ ò ní rí èdè ńlá níbí. Ẹja ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Kì í ṣe ẹja tútù, kì í ṣe ẹja gbígbẹ, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yan lórí iná ní Makoko. Ẹja tí a kì í jẹ ni. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹja tí a kì í jẹ, ṣé ẹ máa ń bá a ṣeré ni?" Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní owó eré náà la fi ra iṣu tó wà lẹ́nu yín yẹn.

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni àǹtí mi mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Mushin. Aṣọ rírán ni wọ́n fẹ́ kí n kọ́, ṣùgbọ́n ìyá aránṣọ tí a lọ bá ní ọmọ iṣẹ́ ti kún ilé òun. Ojúlé kejì sí ibẹ̀ ni Ìyá Rísì ń gbé. Àǹtí mi rí i pé ilé wọn mọ́, ó fà mí lé wọn lọ́wọ́. Iye tí àǹtí mi san, èmi ò bèèrè, wọn ò sì sọ fún mi.

Ará Ìjẹ̀bú ni Ìyá Rísì, obìnrin gígùn, wọ́n dúdú, wọn kì í pariwo. Ojú ni wọ́n fi ń na èèyàn. Lẹ́yìn ilé wọn ní Pápá Àjàó, nínú Mushin níbẹ̀, lábẹ́ igi furúùtù ńlá kan, wọ́n ri àwọn odù amọ̀ dé àárín mọ́lẹ̀, wọ́n sì mọ táńkì símẹ́ǹtì méjì. Inú ibẹ̀ ni àwọn ẹja kéékèèké wà, nínú omi tó pupa bí omi àgbo. Mo rò pé wọ́n gbàgbé láti pààrọ̀ omi ni. Mo bá ní kí n bá wọn dà á nù. Ìyá Rísì kàn wò mí. Mo gbé garawa sílẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ẹja rárá. Àpótí kékeré kan ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní kí n jókòó ti odù, kí n máa wò ó. Bí mo bá wò ó títí, tí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ, màá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi:

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, mà."

"Kí lo fẹ́ kí ẹja máa ṣe? Kó máa gún iyán?"

Lọ́jọ́ kejì mo ní àwọn ẹja ń jẹun. Ìyá Rísì ní èmi náà ń jẹun, ta ló wá ń wò mí. Lọ́jọ́ mìíràn mo ní wọ́n ń sinmi. Ìyá wò mí láti orí délẹ̀, wọ́n ní, "O ò tíì rí wọn." Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́: o ò tíì rí wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá ojú ló ń dun ìyá yìí.

Òfin ọwọ́ ló le jù. Ọwọ́ tó kan ọṣẹ, tó kan ata, tó kan òróró, kò gbọdọ̀ kan omi ẹja. Yanrìn la fi ń fọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan mo fi ìpara para dáadáa lọ sí ibi ìkómọ, mo dé, mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ odù. Ìyá Rísì gbá ọwọ́ mi mú kó tó kan omi. Wọn ò lù mí. Wọ́n bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n máa fi fọwọ́ títí àwọn tó wà ní mọ́sálásí ẹ̀gbẹ́ ilé wa á fi kírun tán. Lẹ́mọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kò fẹ́ràn kí ìrun tètè parí.

Nígbà tó yá, wọ́n mú mi lọ sódò. Odò kékeré kan wà lọ́nà Ìtirẹ́ nígbà náà, igi ọ̀gọ̀rọ̀ bò ó lórí, ewé ń já sínú rẹ̀, ó ń rà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi pupa. Ẹni tí kò mọ̀ á ní omi ìdọ̀tí ni, bẹ́ẹ̀ bí o bá bù ú sọ́wọ́, o máa rí gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, yanrìn funfun. Ibẹ̀ ni ilé ẹja wa.

Ẹja náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ara rẹ̀ ń dán bí ṣílè tuntun, àmì dúdú mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé èèyàn ti ìka bọ tìróò, tó wá fi tẹ̀ ẹ́ lára. Ó ní irùngbọ̀n tín-ín-rín tó fi ń tú yanrìn wá oúnjẹ. Tanwíjí, èyí tó máa ń di ẹ̀fọn, ló fẹ́ràn jù, bí kò bá rí i, á máa họ ọbẹ̀dò jẹ lára gbòǹgbò igi. Nígbà ẹ̀rùn, bí omi bá fà, gbogbo wọn á kó ara wọn jọ sínú ibú tó bá ṣẹ́ kù lábẹ́ ọ̀gọ̀rọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, lẹbẹ akọ á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, ikùn abo á yọ. Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ń yé, wọ́n á fọ́n ẹyin ká sáàárín gbòǹgbò. Bí o kò bá sì tètè kó wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin ara wọn. Ìyá Rísì ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi ẹja kọ́ ọmọ òun ní ìwà.

Orúkọ tí àwọn mìíràn ń pè é, n kò mọ̀. Alájọrìn ni Ìyá Rísì sọ ọ́, nítorí kì í dá rìn. Yà á sọ́tọ̀ sínú igbá, kò ní jẹun. Á dúró ti ẹ̀gbẹ́ igbá, á máa wò, títí á fi kú. Bí a sì ṣe ń mú un nìyẹn náà. Ìgèrè kékeré la kọ́kọ́ ń lò, kó tó di pé a ń rán aṣọ nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọpá. Ìyá ní kí n wọ omi díẹ̀díẹ̀, kí n má ru yanrìn sókè, kí n má sì lé ẹja. Ẹni tó bá ń lé e, ọ̀kan ni yóò mú. Ẹni tó bá dúró, agbo á wá bá a.

Ẹ ó ní ta ló ń rà á. Àwọn onílé ni. Kànga ló wà nínú ọgbà ilé káàkiri Pápá Àjàó nígbà yẹn, nítorí omi ẹ̀rọ máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Kànga tí kò bá ní ẹja, tanwíjí ni í kún un, ẹ̀fọn á wá sọ gbogbo ilé di aláìsàn. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wá ra Alájọrìn. Ìyá Rísì kì í sì ta ẹyọ kan, bí o gbé góòlù wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Alhaji Ràímì, tí ilé wọn wà lókè àdúgbò wa, wá.

"Ìyá Rísì, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó mi. Kànga mi ò tóbi."

"Alhaji, ìyàwó mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta, alihamudulilai."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mẹ́ta, ẹ wá fẹ́ kí ẹja máa dá sùn. Mi ò ta ẹyọ kan. Iye tó tó ẹbí ni mò ń tà."

Alhaji rẹ́rìn-ín, wọ́n ra tó ẹbí.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó lọ síwájú. Ìyá Rísì fẹ́ràn omi mímọ́. Omi mímu tiwa, láràárọ̀ la máa ń ju álọ́ọ̀mù sí i, gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀, lókè á mọ́ lóló. Gbogbo ilé ní Mushin ló ń ṣe é. Ẹni tó bá gbé omi dúdú fún àlejò, ọ̀bùn ni wọ́n máa pè é títí yóò fi kó kúrò ládùúgbò.

Nígbà tí owó epo dé, ayé yí padà. Àwọn ará Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bánkólé, tó ń fi bàálù kó ẹja ránṣẹ́ sókè òkun, náà gbọ́ nípa wa. Ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé òyìnbó tí òun ń tà fún ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí Alájọrìn. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti máa rà á. Ìyá Rísì pè mí jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ àlejò yìí bá já sí rere, iṣẹ́ á ju ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe lọ, àwọn á ṣe fríídọ̀ọ̀mù mi, pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán, màá sì lọ dá dúró ní Sùúrùlérè. Bí kò bá sì já sí rere, kí n má ì tíì dárúkọ fríídọ̀ọ̀mù.

Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ sọ fún Múfú. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Múfú, lọ́nà Ládìpọ̀, òun ló sì fẹ́ fẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró kí n gba fríídọ̀ọ̀mù. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹja ni òun máa kọ́kọ́ san owó orí fún.

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Onílé wa kun iwájú ilé ní ọ̀dà. Àwọn obìnrin gbá ẹ̀yìn ilé títí ilẹ̀ fi fẹ́ bó. Ìyá Síkírá tó wà ní yàrá kejì sí wa wá dúró ti táńkì, ó fọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó ní ṣé omi àgbo yìí la fẹ́ gbé síwájú òyìnbó. Ó ní bí òyìnbó bá délé, á ní obìnrin Yorùbá kì í fọ nǹkan. Àwọn tó kù fi rẹ́rìn-ín. Ìyá Rísì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo omi inú táńkì.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, mo jáde lọ wo ẹja bí mo ṣe máa ń ṣe. Omi ti mọ́. Ó mọ́ bíi gíláàsì, mo rí ìsàlẹ̀ táńkì kedere, mo rí ẹrẹ̀ tó rọ̀ síbẹ̀. Gbogbo Alájọrìn wà lókè omi, wọ́n ń ya ẹnu. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, wọ́n ti ń dojú ikùn sókè. Bí mo ṣe ń bu omi odò tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kú. Nínú táńkì méjèèjì, nínú gbogbo odù, kò ku ọ̀kan.

Ìyá Rísì ti wà lẹ́yìn mi. Mo ń retí kí wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò bi mí. Wọ́n jókòó sórí àpótí tèmi, wọ́n ṣí ọwọ́ wọn sílẹ̀ lórí itan.

Wọ́n ní, "Álọ́ọ̀mù ni. Èmi ni mo fi sí i."

Àṣejù, baba àṣeté. Obìnrin tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ìpara kan omi, ìtìjú àlejò ló mú kí òun gan-an sọ álọ́ọ̀mù sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí omi mímu láti kékeré. Ìyá Síkírá wá síbẹ̀, ó rí i, ó padà wọlé. Kò jáde mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Mo gbé nẹ́ẹ̀tì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo mú ọ̀nà Ìtirẹ́ pọ̀n. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé: wọ́n ti gé ọ̀gọ̀rọ̀ lulẹ̀, lọ́rì ń da yanrìn pupa. Ẹni tó ra ilẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé. Ibi tí ibú wà, ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ tòun ti ṣọ́bìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Mo wá inú omi tó ṣẹ́ kù lókè lọ́hùn-ún, ó ti di ẹrẹ̀, kò sí nǹkan. Àlejò sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sunkún délé. Fríídọ̀ọ̀mù mi nìyẹn, Sùúrùlérè nìyẹn, Múfú nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilé ni mo bá Ìyá Rísì, wọ́n ń fi yanrìn fọ odù. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," wọ́n sì ń fọ odù lọ. Mo ń wò ó pé odù òfìfo, kí la fẹ́ fi ṣe, ni Alhaji Ràímì bá wọlé dé, inú wọn ò dùn rárá.

"Ìyá Rísì, ẹja yín yìí o! Ó ti bí rẹpẹtẹ, ó ti ń bá garawa gòkè. Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan wà nínú kẹ́tùrù tí mo fẹ́ fi ṣe àlùwàlá!"

Èmi àti Ìyá Rísì wo ara wa. Kànga Pápá Àjàó! Gbogbo ọdún tí a ti ń tà á tó ẹbí tó ẹbí, inú kànga ni wọ́n wà, wọ́n ń bímọ. Ìyá Rísì dìde, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní ẹja."

Bí a ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nìyẹn. Ìyá Rísì tí kì í bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún àwọn onílé tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí. Garawa kò lè mú ju ẹyọ kan lọ, tí ó bá ti kan omi ni àwọn tó kù ń rì lọ sísàlẹ̀. Ìgèrè àtijọ́ la padà sí. A fọ́ ẹ̀kọ sínú rẹ̀, a fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, a dúró. Ìyá tó ni ilé kan ní a ó kọ́kọ́ bá òun fa omi tóun fẹ́ fi fọṣọ. A fà á. Baba kan ní ẹja òun ò sí fún yíyá, ó di ìgbà tí Ìyá Rísì ní ọmọ ẹja náà ni àwọn máa dá padà, pẹ̀lú èlé. Alhaji Ràímì dúró lórí kànga wọn bí ọlọ́pàá.

"Ẹ má kó gbogbo wọn o," wọ́n ní. "Ẹ fi tó ẹbí sílẹ̀."

Ìyá Rísì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀ ọjọ́ álọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn kànga ti gba àwọ̀ wọn. Wọ́n funfun bí òwú, àmì mẹ́ta ara wọn kò hàn mọ́. Mo ní òyìnbó ò ní ra èyí. Ìyá ní kí n lọ ṣa ewé furúùtù gbígbẹ. A fi sínú omi títí ó fi pupa bí ti àtijọ́, a wá da ẹja sí i lábẹ́ òjìji igi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àgbo mọ́. Ìyá Síkírá gan-an ló bá mi ṣa ewé.

Mo jókòó tì wọ́n lórí àpótí mi láti òwúrọ̀ di alẹ́, lójoojúmọ́. Àwọ̀ wọn ń padà díẹ̀díẹ̀. Àmì kìíní hàn, ìkejì hàn. Nígbà tó kù ọ̀la kí àlejò dé, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

N kò ronú. Mo ní, "Ìyá, àwọn ti kànga Alhaji ló kọ́kọ́ lọ sábẹ́ ewé yẹn. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n dúró. Àwọn tó ti kànga mìíràn wá ò mọ̀nà, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń dúró de ara wọn."

Ìyá Rísì náà wo inú omi. Wọ́n ní, "O ti rí wọn." Wọ́n wọlé lọ dáná.

Òyìnbó dé, ó bọ́ bàtà, ó lóṣòó ti táńkì bí ẹni tó fẹ́ fọṣọ. Ó bèèrè ohun tó wà nínú omi. Ọ̀gbẹ́ni Bánkólé túmọ̀ rẹ̀ fún wa, mo gbé ewé furúùtù sókè. Inú òyìnbó dùn, ó ní ní ìlú tòun, òun máa ń wá ewé gbígbẹ kiri kí omi ẹja òun lè rí báyìí. Ìyá Síkírá rọra sọ sí mi létí pé àṣé àwọn òyìnbó náà ń mu àgbo. Òyìnbó ra ẹja, ó sì ń rà á fún ọdún pípẹ́.

Wọ́n ṣe fríídọ̀ọ̀mù mi kí oṣù náà tó parí. Ìyá Rísì gbàdúrà fún mi, wọ́n sì gbé àpótí yẹn lé mi lọ́wọ́. Múfú wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ṣùgbọ́n kí n tó kó lọ sí Sùúrùlérè, iṣẹ́ kan la kọ́kọ́ ṣe. Nígbà òjò, nígbà tí wọ́n ti yé, tí ọmọ wọn ti tó lúwẹ̀ẹ́, a gbé wọn kiri Pápá Àjàó, a dá tó ẹbí padà sí kànga kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èlé.

Irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn náà. Ọ̀rá nylon ló lé kẹ́ẹ̀gì lọ. Afẹ́fẹ́ tí a ń fún sínú ọ̀rá, ọ̀dọ̀ Múfú la ti ń gbà á, láti inú sìlíńdà tó fi ń jó irin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun nìkan ni wẹ́dà tó ń jó ẹja. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja dé, iná mànàmáná tó ń lọ ṣáá sì kọ́ wa pé ká má ju odù amọ̀ nù. Mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ púpọ̀. Kò sí èyí tí n kò gbé jókòó sórí àpótí fún oṣù kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn dáadáa.

Lónìí, bóòhóòlù, kànga ẹ̀rọ, ti pọ̀, wọ́n ti di ọ̀pọ̀ kànga pa. Odò ọ̀nà Ìtirẹ́ ti di òpópónà, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ rí. Kànga tèmi wà lẹ́yìn ilé, mo fi páànù bò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn tí a yá lọ́wọ́ Alhaji Ràímì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, n kò ní kí ẹ wá ṣe tèmi. Ẹ lọ ṣe èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá ní ilé mi, ẹ yà, ẹ ṣí páànù yẹn, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má yára. Bó bá ṣe díẹ̀, màá wá bá yín níbẹ̀, màá sì bi yín ní ìbéèrè kan.